Ta Ni Yóò Ṣe Iṣẹ́ Wo? Ọ̀rọ̀ Lórí Àríyànjiyàn Wa Nípa Ikọ̀ Super Eagles

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tàbí ti àgbáyé bá ti ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles sì ti gbé orúkọ àwọn tí yóò kó lọ jáde, kò sí ibi ìtajà ìwé ìròyìn, kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kò sí ètò eré ìdárayá lórí rédíò tí àríyànjiyàn kì í ti í bẹ́ sílẹ̀. Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ariwo lásán ni. Owó ìlú la fi ń tọ́jú ikọ̀ náà, orúkọ gbogbo wa ló sì ń gbé kiri, nítorí náà ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a ti máa ń ṣìnà: orúkọ la fi ń díwọ̀n orúkọ, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń pín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìṣirò rẹ̀. Ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1998, agbábọ́ọ̀lù 22 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè kó lọ. Láti 2002 títí dé 2018, wọ́n di 23. Ní Qatar lọ́dún 2022, wọ́n di 26. Ẹ mú 23 yẹn, kí ẹ yọ aṣọ́lé mẹ́ta tí òfin sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ má sí níbẹ̀, 20 ló kù fún ipò mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ènìyàn méjì péré ló tọ́ sí ipò kọ̀ọ̀kan. Bí ikọ̀ kan bá ń fi atamátàsé kan ṣoṣo síwájú, àyè méjì ló wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá pọ̀ jù, mẹ́ta. Síbẹ̀, bí ẹ bá tẹ́tí sí wa nígbà tí a bá ń jiyàn, atamátàsé mẹ́jọ la óò dárúkọ, a óò sì bínú nítorí márùn-ún tí kò rí àyè, ṣùgbọ́n a kò ní béèrè ẹni tí yóò dí apá òsì ẹ̀yìn bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá farapa.

Ọdún 2013 ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí mo ní. Stephen Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, gbé orúkọ ènìyàn 23 jáde fún ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí South Africa gbàlejò. Peter Odemwingie kò sí níbẹ̀, Obafemi Martins náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún la ti fi ń rí àwọn méjèèjì nínú líìgì ilẹ̀ Yúróòpù. Odemwingie fúnra rẹ̀ fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn ní gbangba lórí Twitter. Inú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò dùn rárá, pàápàá nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ inú líìgì ilé wà lára àwọn tí wọ́n mú: Sunday Mba, Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́, àti àwọn mìíràn. Nígbà tí ikọ̀ náà ta ọ̀mì pẹ̀lú Burkina Faso, tó tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Zambia, ohùn àwọn tó ń sọ pé "ṣebí a ti wí bẹ́ẹ̀" wá ròkè sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Mba ló gbá ayò tó lé Ivory Coast padà sílé, níṣojú Didier Drogba àti Yaya Touré. Òun kan náà ló gbá ayò kan ṣoṣo tí a fi borí Burkina Faso ní àṣekágbá, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejì. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò, nítorí pé a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, orí bẹ́ńṣì ni Joseph Yobo tó jẹ́ balógun ikọ̀ wà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀; Oboabona àti Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, ni Keshi fi sí àárín ẹ̀yìn. Emmanuel Emenike, tó ti gbá ayò mẹ́rin wọlé, kò lè kópa nítorí pé ó ti farapa nígbà tí wọ́n ń bá Mali gbá. Eré ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Elderson Echiejile náà farapa ní apá òsì ẹ̀yìn, tí Juwon Oshaniwa sì wọlé dípò rẹ̀. Mélòó nínú wa ló jiyàn lórí Oshaniwa kí ikọ̀ náà tó gbéra? Òun ló dúró síbẹ̀ títí fèrè ìparí fi dún.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Lọ́dún 2014, Keshi kan náà kò mú Mba lọ sí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Brazil, ó sì pe Odemwingie padà. Odemwingie ló gbá ayò kan ṣoṣo tí a fi borí Bosnia, ìṣẹ́gun tí Nàìjíríà kò tíì rí irú rẹ̀ nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé láti ọdún 1998. Ẹni tí a fi sílẹ̀ lónìí lè di ẹni tí iṣẹ́ wà fún lọ́la. Akọni àná pàápàá lè ṣàìbá iṣẹ́ ti ọdún yìí mu, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó kórìíra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀yìn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni mo máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Ẹ rántí ọdún 2002. A ṣe ipò kẹta nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, wọ́n yọ Shuaibu Amodu, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé Adégbóyè Onígbìndé ti Modákẹ́kẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti Japan àti South Korea ti ku oṣù díẹ̀. Àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n, àwọn ni wọ́n kó ikọ̀ wa dé àṣekágbá ní Abidjan lọ́dún 1984. Nígbà tí orúkọ jáde, Sunday Oliseh tó jẹ́ balógun kò sí níbẹ̀, Finidi George kò sí níbẹ̀. Ajẹntínà borí wa pẹ̀lú ayò kan sí òdo, Sweden borí wa pẹ̀lú méjì sí ẹyọ kan, a sì ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú England. Èrò tèmi ni pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń ráhùn nígbà náà ní ẹjọ́ rere, nítorí pé ẹni tí a bá yọ kúrò ní àárín pápá, a gbọ́dọ̀ fi ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rọ́pò, n kò sì rí ẹni náà nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Ṣùgbọ́n nínú ikọ̀ kan náà ni aṣọ́lé ọmọ ọdún 19 kan wà, Vincent Enyeama, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Enyimba ní Àbá. Òun ló ṣọ́ ilé lọ́jọ́ tí England kò rí ayò kankan gbá wọlé. Fẹ́mi Opabunmi ti Shooting Stars Ìbàdàn náà wà lórí pápá lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọdún 17. Enyeama yìí ló wá ṣọ́ ilé wa lọ́dún 2013 títí a fi gba ife. Nígbà náà, ta ló jàre nínú àríyànjiyàn ọdún 2002? Bí a bá ń fi orúkọ díwọ̀n orúkọ, a kò ní rí ìdáhùn. Bí a bá mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a óò rí i pé Onígbìndé ríran jìnnà ní ti aṣọ́lé, ó sì kù díẹ̀ káàtó ní ti àárín pápá.

Ti ìdíje tó wáyé ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 kò jìnnà sí wa, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Atamátàsé la fi ń yangàn kí ikọ̀ náà tó lọ. Victor Osimhen ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ni. Victor Boniface farapa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ìrètí wa ti dín kù. Nígbà tí ìdíje parí, ayò kan ni Osimhen gbá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe iṣẹ́ takuntakun fún ikọ̀ náà, nígbà tí William Troost-Ekong tó jẹ́ adílémú gbá mẹ́ta, tí wọ́n sì fi òun jẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà. Stanley Nwabali, aṣọ́lé tó ń gbá fún Chippa United ní South Africa nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ rí, kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn. Òun ló tún mú pẹnáritì méjì lọ́wọ́ àwọn South Africa kí a tó dé àṣekágbá.

Ohun kan ń bà mí nínú jẹ́ nínú àríyànjiyàn wa, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí orúkọ bá ti jáde báyìí, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye Yorùbá tó wà níbẹ̀, iye Igbo, iye Hausa. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó dàgbà sí England kò mọ ìyà tí à ń jẹ nílé. Lọ́dún 1980, tí a kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà nílùú Èkó, Ṣẹ́gun Odegbámi gbá ayò méjì, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, Christian Chukwu ti Enugu Rangers ló sì gba ife náà gẹ́gẹ́ bíi balógun. Ní ti àwọn tó dàgbà sókè òkun, Adémọ́lá Lookman ti bá England gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ́dún 2017, kó tó yan àwọ̀ ewé wa. Òun ló sì gbá ayò méjèèjì tí a fi borí Cameroon lọ́dún 2024. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó tọ́ sí gbogbo wọn ni bóyá wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù déédéé báyìí, àti bóyá ipò tí a pè wọ́n sí ni wọ́n mọ̀ dájú.

Àwọn ọmọ líìgì ilé náà ní ẹ̀tọ́ sí ìbéèrè yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn tòkè òkun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n bí àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò bá lọ sí pápá ìṣeré lọ wo Shooting Stars, Remo Stars tàbí Sunshine Stars, kí la fẹ́ fi gbèjà ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni èyí: nígbà tí ẹ bá pe àwọn ètò orí rédíò, ẹ béèrè pé kí àjọ NFF, tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn lọ́jọ́ tí orúkọ bá jáde, kó sì sọ iṣẹ́ tó yan ẹnì kọ̀ọ̀kan fún. Kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ́lé kẹta, ká kọjá sí adílémú apá òsì kejì, ká wo ẹni tí yóò máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn alátakò ní àárín pápá, kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atamátàsé.