Ọjọ́ Kìíní Oṣù Kẹwàá: Ta Ló Yàn Án?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn olùkọ́ ìtàn ní Adó-Èkìtì ni mo tún kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀. Mo yọ àwọn àsọtúnsọ kúrò, ṣùgbọ́n mo fi àríyànjiyàn inú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Alága, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ jókòó síwájú, mo kí yín. Èkìtì Kete, ẹ kú ìjókòó.

Ọjọ́ kì í yan ara rẹ̀. Ènìyàn ní ń yàn án. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí. Ní àràárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni fóònù mi máa ń kún fún àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn tó ń to ìṣẹ̀lẹ̀ jọ: Nàìjíríà gba òmìnira lónìí, Mao kéde ìjọba tuntun ní Ṣáínà lónìí ní 1949, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lónìí, wọ́n bí George Weah lónìí. Wọ́n á wá fi dé e pé ọjọ́ olóríire ni, pé ọjọ́ náà ní agbára kan nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn tó ṣe é lọ́wọ́, ẹ wá ń kó ìyìn rẹ̀ fún kàlẹ́ńdà.

Ẹ jẹ́ ká mú 1960. Ní 1953, Anthony Enahoro dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ó ní kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà ìgboro ní Kano lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Ní 1957, S. L. Akíntọ́lá gbé àbá tirẹ̀ wá pé kó jẹ́ 1959. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpàdé lórí ìpàdé ni wọ́n ṣe ní London kí ọwọ́ tó tẹ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960. Ká ní ti Enahoro wọlé ni, ọjọ́ mìíràn là bá máa ta àsíá sókè. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ iléèwé pé àyànmọ́ ni ọjọ́ yẹn, ó ti pa ọdún méje ìjiyàn mọ́ ọmọ náà lójú.

Látìgbà náà ni gbogbo ìjọba ti ń gun orí ọjọ́ náà sọ̀rọ̀. Ní 1963 a di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́, Azikiwe di ààrẹ. Ní 1974, Gowon lo ọjọ́ náà láti sọ pé ìjọba alágbádá kò lè ṣeé ṣe mọ́ ní 1976 tó ti ṣèlérí. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1975, Murtala lo ọjọ́ náà láti kéde pé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979 ni àwọn ológun yóò lọ. Wọ́n pa á kó tó rí i, ṣùgbọ́n Ọbásanjọ́ mú àdéhùn náà ṣẹ, ó gbé ìjọba fún Shagari. Ológun mọ̀ dájú pé kò sí ọjọ́ mìíràn tí gbogbo ilé á ṣí rédíò bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ la ti dé ilé tiwa. Ní 1996, nínú ọ̀rọ̀ àyájọ́ òmìnira, Abacha ka orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́fà: Bayelsa, Ebonyi, Èkìtì, Gombe, Nasarawa, Zamfara. Abacha ló ka orúkọ wa lóòótọ́, àmọ́ ta ló kọ ọ́ síwèé? Láti 1976 la ti wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, kó tó dìgbà náà a wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọba wa, àwọn àgbà wa, àti ìgbìmọ̀ tí Olóyè Déjì Fasuan ṣe alága rẹ̀, ni wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì gbé ẹjọ́ wa síwájú àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ wò. Iṣẹ́ yẹn ló bí wa.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Nítorí pé ọjọ́ wa bọ́ sórí ọjọ́ Nàìjíríà, Nàìjíríà gbé e mì. Àwọn ọmọ wa á wọ aṣọ iléèwé tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n á yan bí ológun, wọ́n á ju àsíá kékeré, wọ́n á relé. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ girama kan pé ìpínlẹ̀ wo ni wọ́n ti yọ Èkìtì. Ó ní Ọ̀yọ́. Ọmọ tó mọ̀wé ni o.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ ìbí kan kún un, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1924 ni wọ́n bí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tó wá sí Èkó ní 1978. Ẹ̀yin tí ẹ ti hewú níhìn-ín, ẹ mọ sòbìà, àrùn aràn tí Carter wá gbógun tì. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú, tí ara á ta roro, tí ojú egbò á là, tí orí aràn funfun á yọ. Wọn kì í fà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè gùn tó mítà kan, bó bá sì já sínú, ìyà mìíràn ló bẹ̀rẹ̀. Igi kékeré ni wọ́n fi ń ká a, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àgbẹ̀ tó bá mú lásìkò iṣẹ́, oko rẹ̀ á di igbó. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu, oògùn tí wọ́n ń dà sí adágún, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí egbò rẹ̀ ti là má wọ odò: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1986 ni àjọ Carter ti gbé e lérí. Nígbà tí wọ́n kà á ní Nàìjíríà, aláìsàn lé ní 650,000. Gowon, ẹni 1974 yẹn, náà dara pọ̀, ó ń rìn láti abúlé dé abúlé. A rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní 2008. Ní 2013 àjọ ìlera àgbáyé WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ ló so ọkùnrin méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ ìbí kò sẹ́ omi fún ẹnikẹ́ni.

Alága ti na ìwé sókè sí mi, ẹ jẹ́ kí n sáré. Weah: 1966, Monrovia, ní 1995 ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Ballon d'Or, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ, ní 2018 ó di ààrẹ Liberia. Ẹ̀ṣẹ́ Ali àti Frazier ní Manila: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1975, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìkéde Murtala. Àárọ̀ ni wọ́n jà á kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè wò ó lálẹ́. Nígbà tí Frazier kò lè jáde fún abala kẹẹ̀ẹ́dógún, alẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ṣì wà ní New York. Ẹ̀yin tí ẹ ń to ọjọ́ jọ, èwo lẹ ó kọ?

Mo ṣì ní ojú ìwé mélòó kan lọ́wọ́ nígbà tí màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ènìyàn ló ń yan ọjọ́, kí ló dé tí Èkìtì kò yan tirẹ̀?"

Mo ká ìwé mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Ọjọ́ náà wà." Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fi òǹtẹ̀ lu àlàáfíà ogun Kírìjì ní ibùdó ogun. Ogun náà ti ń jà láti 1877, Èkìtì Parapọ̀ lápá kan, Ìbàdàn lápá kejì. Fábùnmi Òkèmẹ̀sí ti pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú láti máa ṣàkóso rẹ̀, nítorí ìwà ìfìyàjẹni. Ògèdèǹgbé Iléṣà wá ṣíwájú ogun. Àdéhùn yẹn sọ pé àwọn ìlú Èkìtì kì í sin Ìbàdàn mọ́. Lóòótọ́, ó di 1893 kí ibùdó tó tú pátápátá. Síbẹ̀, òun ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá wa rà, kò sì sí ayẹyẹ orílẹ̀-èdè kankan tó máa gbé e mì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti ẹ̀yìn ní ìlú kọ̀ọ̀kan ti ní ọjọ́ tirẹ̀, pé Adó ní ọdún Ùdìrókò. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kí Adó fi Ùdìrókò sílẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo ìlú jọ jà fún ni mo ń wí. Mo bẹ àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìtàn ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ṣe Kírìjì ní kíláàsì wọn lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n tó kọ́ àwọn ọmọ ní yíyan ti ọjọ́ kìíní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí iléèwé Adó tí yóò kọ́kọ́ ṣe é.

Màmá kò tíì jókòó. Wọ́n ní, "Kí ló kan Adó? Òkèmẹ̀sí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."