Undredal: abúlé tí ewúrẹ́ ti pọ̀ ju èèyàn lọ

Ẹ wo abúlé yìí dáadáa. Undredal lorúkọ rẹ̀, ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, òkè lẹ́yìn, omi níwájú. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 100 lọ, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wọn tó 500.

Omi tí ẹ ń wò yẹn, òkun ni. Láyé àtijọ́, yìnyín tó nípọn gan-an ló bo gbogbo ilẹ̀ yìí. Yìnyín ọ̀hún ń wọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ha àpáta bí ẹní ń gbẹ́ ọpọ́n, títí ó fi dá kòtò jíjìn sáàárín òkè. Nígbà tó yọ́ tán, òkun ya wọlé. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fjord. Ti Undredal, Aurlandsfjord, ẹ̀ka Sognefjord ni, èyí tó gùn jù ní Nọ́wè: ó lé ní 200 kìlómítà, ibi tó sì jìn jù nínú rẹ̀ lé ní 1,300 mítà.

Ọdún 1988 ni ọ̀nà mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí o kò bá wọ ọkọ̀ ojú omi, kí o fẹsẹ̀ gun òkè. Ìyàwó, àpò ìyẹ̀fun, aláìsàn, orí omi ni gbogbo wọn ń gbà.

Mílíìkì ewúrẹ́ kò lè dúró de ọkọ̀, yóò kan. Wàràkàṣì ló lè dúró. Ẹ ò rí i pé ibi tí abúlé náà wà ló kọ́ wọn níṣẹ́. Wọ́n á mú kí mílíìkì náà dì, wọ́n á kó èyí tó dì, ìyẹn di wàràkàṣì funfun. Ó wá ku omi rẹ̀, irú omi tó máa ń kù lábẹ́ wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà nílé wa. Àwọn ará Undredal kì í dà á nù. Wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á máa rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi á máa gbẹ, adùn inú mílíìkì á máa pọ́n, títí yóò fi ki, tí yóò sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Tó bá tutù, ó ti di òkúta wàràkàṣì. Ẹ tọ́ ọ wò: ó dùn, ó níyọ̀ díẹ̀, òórùn ewúrẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fá a sórí búrẹ́dì. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fá a, káfíńtà ará Nọ́wè kan, Thor Bjørklund, ló ṣe é ní 1925, ó wo èyí tí òun fi ń fá pákó. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì pákó kan tún wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1147. Èèyàn 40 péré ló gbà. Wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí dòní.

Bí ẹ bá rìnrìn àjò débẹ̀, ẹ má kánjú wọ mọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Flåm lọ sí Gudvangen máa ń gba iwájú Undredal kọjá. Ẹ dúró síta lórí ọkọ̀, kí ẹ rí i bí àwọn tó ń darí bọ̀ wálé ṣáájú 1988 ṣe ń rí i: òkè kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òrùlé.