Iṣan ọkàn kì í ṣe páìpù

Ẹ káàsán o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó ń bí mi nínú. Páìpù yẹn. Gbogbo yín lẹ ti rí i rí, wọ́n á ya páìpù omi, wọ́n á kun ọ̀rá sínú ẹ̀ títí ihò ẹ̀ á fi dí, wọ́n á ní ohun tó ń ṣe iṣan ọkàn, ìyẹn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn, nìyẹn. Rárá o! Iṣan lẹ́mìí, tí nǹkan bá ha sínú ògiri ẹ̀, ó mọ̀, ó sì ń ránṣẹ́ pe sójà ara, àwọn tó ń bá àrùn jà. Àwọn dókítà tó ṣì ń fi páìpù ṣàlàyé fáwọn aláìsàn, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jáwọ́.

Tá a bá gé iṣan tó ti bàjẹ́ pẹlẹbẹ, tá a fi àwọ̀ kùn ún, tá a gbé e sábẹ́ maikirosikópù, ọ̀rá ò lẹ̀ mọ́ ojú ihò, inú ògiri gan-an ló wọ̀ lọ. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí macrophage, àwọn ni agbálẹ̀ ara, wọ́n wá palẹ̀ LDL, ọ̀rá cholesterol inú ẹ̀jẹ̀, tó ti bàjẹ́ mọ́, wọ́n jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, wọn ò rí i dà, ni wọ́n bá wú, inú wọn kún fún ọ̀rá kéékèèké títí wọ́n fi rí bí ọṣẹ tó hó. Àwọn kan kú síbẹ̀. Cholesterol tó kù á dì, á ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, macrophage tó bá gbé ìyẹn mì á figbe ta, á tú IL-1β, èròjà tó ń ké pe sójà, jáde, sójà míì á tún ya dé. Awọ tín-ín-rín tó bo ọgbẹ́ yẹn, àwọn náà ló ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lójú ẹsẹ̀, hátì atáàkì dé nìyẹn.

Dókítà Virchow ti sọ ọ́ ní Jámánì ní 1856 pé ògiri iṣan ń wú, ó ń gbóná. Ìgbà tí oníwàádìí kan, Anitschkow, wá fún ehoro ní cholesterol jẹ ní Rọ́ṣíà ní 1913, tí iṣan wọn bàjẹ́, ọ̀rá gba gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ Virchow lọ́wọ́. Ọdún 1986 ni Göran Hansson àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sweden ka T cell mọ́ inú iṣan èèyàn. T cell! Ìyẹn kì í ṣe agbálẹ̀, ọ̀gágun sójà ara ni, mo sì ṣì ń pàdé àwọn tó ń sọ pé ṣe ló kàn ń kọjá lọ. Ó dáa, kí wọ́n dáhùn ìwádìí CANTOS, 2017: èèyàn 10,061 tó ti ní hátì atáàkì rí, abẹ́rẹ́ tó ń mú IL-1β nìkan, LDL wọn ò yí padà rárá, síbẹ̀ hátì atáàkì, rọpárọsẹ̀ àti ikú látọ̀dọ̀ wọn fi 15% dín kù.

Ibi tí mo dé rèé tí arábìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ sójà ló jẹ̀bi, ṣé kí bàbá mi kúkú dá oògùn cholesterol ẹ̀ dúró?” Mo pa gbogbo slide tó kù tì. Àbúrò mi, rárá, ẹ má jẹ́ kó dá a dúró! Tí ọ̀rá ò bá wọlé, kí ni sójà fẹ́ wá jẹ? Statin, oògùn cholesterol yẹn, ń dín ọ̀rá kù, ó tún ń rọ ìgbóná yẹn. Ìwádìí JUPITER, 2008, èèyàn 17,802, LDL wọn ò ga, CRP, àmì ìgbóná nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ló ga, rosuvastatin, statin kan, sì fi 44% dín àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù láàárín wọn.

Ó tún bi mí pé ṣé ká wá máa dá sójà dúró ni. Kì í ṣe gbogbo wọn o, ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn. Abẹ́rẹ́ CANTOS yẹn, kòkòrò àrùn pa àwọn tó gbà á ju àwọn tí ò gbà á lọ. Methotrexate, oògùn míì tó ń dá sójà lẹ́kun, 2018, kò ṣe nǹkan kan, kò tiẹ̀ dín IL-1β kù. Colchicine, oògùn gout àtijọ́, fi 31% dín hátì atáàkì àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kù nínú ìwádìí LoDoCo2 ní 2020, àmọ́ ní 2024 wọ́n gbìyànjú ẹ̀ lára àwọn tó lé ní 7,000 tí hátì atáàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, kò sí ìyàtọ̀.

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi pé aago ti lù. Ó ku Treg, T cell tó ń làjà, ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ látàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, mo wà lẹ́nu ọ̀nà.