Ọwọ́ Wo Ni A Fi Ń Júwe Ilé Baba Ẹni? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ẹ̀pẹ́ lórí kíkọ ìtàn ìdílé ẹni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé, mo kí yín. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìtàn ìdílé mi, òwe kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bá mi wí: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí òwe náà dáadáa. Kò ní kí a má júwe ilé. Ọwọ́ òsì ni ó kọ̀. Ẹni tí ó fi ìbínú kọ̀wé láti gbẹ̀san lára àwọn òbí rẹ̀, ọwọ́ òsì ni ó ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni, bí òtítọ́ náà tilẹ̀ korò.

Ẹ wo ìlú wa yìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, ìhín ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí, àwọn ni a sì ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Àwa ọmọ wọn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn akọni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ wá síbí. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Ẹ̀pẹ́ níbí ní 1854 ní kí Kòsọ́kọ́ jáwọ́ nínú òwò ẹrú, a kì í sì í sọ fún ènìyàn pé kí ó jáwọ́ nínú ohun tí kò dáwọ́ lé.

Kí màmá mi tó jáde láyé, wọ́n sọ fún mi pé rírà ni a ra ìyá-ńlá wa kan. Obìnrin yìí kò sí nínú oríkì ilé wa rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ẹ̀gbọ́n baba mi pè mí, wọn kò pariwo, wọ́n ní: "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ 'ọmọ ẹrú' gbà lọ́wọ́ ènìyàn, bí a bá ń pín ilẹ̀ tàbí bí oyè bá ṣí sílẹ̀?" Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, àwọn tí ń tẹ ìwé ìsìnkú tí gbogbo òkú inú rẹ̀ jẹ́ aláàánú ń ṣe ìdílé ní ibi jù mí lọ, nítorí ọmọ tí ó bá kà á kò ní rí ènìyàn kan tí ó jọ òun níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí yíyí orúkọ padà, bí Ṣóyínká ti ṣe sí orúkọ baba rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ìsarà, ṣùgbọ́n àkókò kò sí mọ́, ìyá ẹlẹ́ja kan sì ti dìde.

Wọ́n ní: "Tíṣà, màmá yín sọ ọ́ fún yín. Ṣé wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ fún wa?"

Màmá mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó la ẹnu. Gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀ lórí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tèmi ni mo ń wò. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ilé hàn mí bóyá ó fẹ́ kí a júwe rẹ̀. Mo dá ìyá náà lóhùn pé n kò ní yọ obìnrin tí wọ́n rà yẹn kúrò nínú ìwé, nítorí a ti yọ ọ́ nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n bí a bá tún ìwé náà tẹ̀, n ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé màmá mi ti ilẹ̀kùn, àti pé èmi ni mo ṣí i.