Ó Kéré, Kò Dín: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ẹwà Ohun Bíńtín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, mo kí yín. Mo gbé ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wá láti ilé, mo sì ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú yín. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rò pé aṣọ aró lásán ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ wá wò ó níkọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ṣeé rí láti òkèèrè.

Ìbàdàndùn ni orúkọ àdìrẹ yìí. Aládìrẹ a pín aṣọ náà sí àpótí onígun mẹ́rin kéékèèké, a ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ, a sì fi ya àwòrán sínú wọn kí aṣọ tó wọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn níbí ni ẹ ó rí níbẹ̀, tí ṣíbí dúró láàárín òpó kan sí èkejì. Ilé ńlá tí wọ́n ṣí lórí òkè ní 1929, tí à ń rí láti ọ̀nà jíjìn, ti wọ inú àpótí tí ọwọ́ méjì lè bò mọ́lẹ̀. Kí ló dé tí inú wa fi ń dùn bí a bá rí i lára aṣọ, nígbà tó jẹ́ pé a ń kọjá lábẹ́ Mápó gan-an lójoojúmọ́, tí a kì í sì í gbójú sókè?

Èrò tèmi ni pé kíkéré nìkan kọ́ ló ń fa ojú. Bí ìkòkò bá fọ́, àpáàdì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í gbé àpáàdì lọ́wọ́ kó máa wò ó, àfi ẹni tó fẹ́ fi fọn iná. Ṣùgbọ́n bí amọ̀kòkò bá mọ ìkòkò tí kò ju ìka kan lọ, tó ní ẹnu, tó ní ọrùn, tó ní ikùn àti ìdí, gbogbo ilé ni yóò fẹ́ gbà á wò. Ohun tó ń dùn mọ́ wa ni pé ó kéré, síbẹ̀ kò dín.

Konrad Lorenz, ọmọ Austria tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣesí ẹranko, ṣe àlàyé mìíràn ní 1943. Ó ní orí ńlá, ojú ńlá àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún ni àmì ọmọ ọwọ́, àti pé àmì wọ̀nyí ló ń mú kí àánú ṣe àgbàlagbà, ìbáà jẹ́ ọmọ ajá ló wà níwájú rẹ̀. Mo gbà á dé ìdajì. Ẹ jẹ́ ká wo ère ìbejì. Orí rẹ̀ tóbi ju bí ara rẹ̀ ti mọ lọ, ẹnìkan sì lè sáré sọ pé ọmọ ọwọ́ ni agbẹ́gilére ń yà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí tóbi nítorí pé òun ni olórí ara, òun sì ni ibùjókòó àyànmọ́. Ẹ wo ìyókù ara rẹ̀: ọmọ kékeré ló kú, ṣùgbọ́n ère tí wọ́n gbẹ́ dípò rẹ̀ ní ilà ojú, irun rẹ̀ ṣe bí ti àgbà, bó bá sì jẹ́ obìnrin, ó ti yọ ọmú. Àgbàlagbà pátápátá ni, tí gíga rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, kí ìyá lè wẹ̀ ẹ́, kó wọ̀ ọ́ láṣọ, kó sì fi sínú ìró ara rẹ̀. Bó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojúbọ nìkan ni ìbá máa dúró sí.

Àwọn Akan tó wà ní Gánà náà mọ ọ̀nà yìí dáadáa nínú àwọn ìwọ̀n idẹ tí wọ́n fi ń wọn eruku wúrà láyé àtijọ́. Ìda oyin ni wọ́n sábà fi ń mọ àwòrán rẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á sì da idẹ sí àyè rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀pà gidi tàbí kòkòrò gidi ni wọ́n á fi amọ̀ bò, tí iná á jó o di eérú, tí idẹ á sì gba ipò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ilà ara rẹ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ní etí fún ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn òkè la fi ń pe ohun tó bá kéré, tí a ń sọ pé ó rí róbótó tàbí kíríbítí. Ohun kan náà bó bá tóbi, ohùn á wálẹ̀, a di ròbòtò àti kìrìbìtì.

Ní ti ẹ̀dá abẹ̀mí, àwọn onímọ̀ kéde ní 2021 pé àwọn rí agẹmọ kan ní àríwá Madagáskà, tí wọ́n pè ní Brookesia nana. Akọ rẹ̀ kò ju mílímítà 13.5 lọ láti imú dé ìdí, láìka ìrù mọ́ ọn, síbẹ̀ agẹmọ ni látòkè délẹ̀. Èyí tó wù mí jù wà nítòsí wa. Lẹ́yìn tí kòkòrò funfun kan tó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ ti wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tó sì ń run oko káàkiri, àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà nílùú wa níbí, gbé agbọ́n kan tí kò tó mílímítà 2 wá láti Paraguay, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Inú kòkòrò náà ni agbọ́n yìí ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú jáde. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe agbára nìyẹn, ẹwà ni mo sì ń bá bọ̀. Ṣùgbọ́n agbọ́n yìí ní méjèèjì, nítorí ẹni tó bá fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wò ó yóò rí ìyẹ́, ìbàdí àti ìwo rẹ̀, tí ọ̀kan kò yẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá Máíkírà, ọkọ̀ takisí kékeré tí à ń wọ̀ nígboro, náà wà nínú ohun tí mò ń sọ. Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kó ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti búùtù sínú ohun tó lè gba àárín Ọjà'ba kọjá láìha. Ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá ní kí èrò méjì pín ìjókòó iwájú ló di pé ó kéré, ó sì tún dín; orúnkún mi lè jẹ́rìí sí i. Àwọn tó ń gbọ́ mi rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ ìyá kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sórí aṣọ náà láti ìgbà pípẹ́ ní kí n dúró ná: òun ti rí ṣíbí, òun kò tíì rí òpó.