Àga Tó Ṣófo Níwájú Rédà

Àǹtí Mojí: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Mojí ni mò ń jẹ́, Kúnlé àbúrò mi ló jókòó tì mí.

Kúnlé: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ àná.

Àǹtí Mojí: O ṣé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, Kúnlé sì ń darí bàálù. Òun ló ń bá páílọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kó gòkè, kó sọ̀kalẹ̀, kó dúró ná. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo rò pé ìjì ni yóò sọ. Ó ní àga tó ṣófo.

Kúnlé: Àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2002, bàálù méjì ń bọ̀ lókè Überlingen, ní gúúsù Jámánì. Tupolev láti Rọ́ṣíà ni ọ̀kan, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ fún ìsinmi ní Spain ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàálù ẹrù DHL ni ìkejì. Zurich, ní Switzerland, ni wọ́n ti ń darí òfurufú àgbègbè náà. Ẹni méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti lọ sinmi. Ó ti di àṣà wọn pé kí ẹnìkan máa lọ sùn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn ọ̀gá mọ̀, wọn ò dá a dúró. Ẹni tó kù ń wo ojú rédà méjì, ó sì ń gbọ́ rédíò méjì. Wọ́n tún ń tún ẹ̀rọ ṣe lóru ọjọ́ náà, nítorí náà ìkìlọ̀ tó máa ń hàn lójú rédà tí bàálù méjì bá ń sún mọ́ra kò hàn. Fóònù tí wọ́n ń lò gan-an kò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣọ́ òfurufú ní Karlsruhe, ní Jámánì, rí i lójú ẹ̀rọ tiwọn pé bàálù méjì yìí fẹ́ pàdé. Wọ́n pe Zurich, wọ́n tún pè. Fóònù ò wọlé.

Àǹtí Mojí: Háà. Kéèyàn máa wo iná tó ń jó ilé aládùúgbò, kó má rí ọ̀nà jí onílé.

Kúnlé: Nígbà tí ọkùnrin tó dá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Zurich fi máa rí i, kò pé ìṣẹ́jú kan mọ́. Ó ní kí bàálù Rọ́ṣíà sọ̀kalẹ̀. Nínú bàálù náà, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní TCAS, tó ń bá irú rẹ̀ nínú bàálù kejì sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ wa kọjá. TCAS ní kí àwọn ará Rọ́ṣíà gòkè, kí DHL sọ̀kalẹ̀. DHL gbọ́ ti ẹ̀rọ. Rọ́ṣíà gbọ́ ti adarí. Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Èèyàn 71 ló kú, ẹnikẹ́ni ò yè.

Àǹtí Mojí: Ṣé kò sí òfin tó sọ èyí tí páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ gbọ́ ni?

Kúnlé: Kò ṣe kedere nígbà náà. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé irú rẹ̀ ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, bàálù Japan Airlines méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlura lójú òfurufú Japan, nítorí pé ọ̀kan gbọ́ ti adarí, ìkejì gbọ́ ti TCAS. Èèyàn bí ọgọ́rùn-ún ló fara pa, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Ẹ̀kọ́ náà wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́tàdínlógún kó tó di Überlingen. Lẹ́yìn Überlingen ni òfin wá le: tí TCAS bá ti pàṣẹ, páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kódà bí èmi bá ń sọ òdìkejì. Tó bá ti sọ fún mi pé òun ń tẹ̀ lé TCAS, màá dákẹ́ títí yóò fi sọ pé ewu ti kọjá.

Àǹtí Mojí: Adarí yẹn ńkọ́?

Kúnlé: Ọkùnrin kan tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kú nínú bàálù náà lọ pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní 2004. Ní 2007, ilé ẹjọ́ ní Switzerland dá mẹ́rin lẹ́bi lára àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Ilé ẹjọ́ rí ohun tí mo rí, Àǹtí. Àwọn tó jẹ́ kí àga yẹn ṣófo ló mú kí ẹnìkan dá gbé ẹrù ẹni púpọ̀.

Àǹtí Mojí: Mo mọ òru yẹn. Mo ti wà ní wọ́ọ̀dù tó jẹ́ èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó dá ṣáṣá níbẹ̀, tí aago ìpè méjì ń dún lẹ́ẹ̀kan náà láti orí bẹ́ẹ̀dì méjì. Èèyàn á kàn máa bẹ Ọlọ́run pé kí ilẹ̀ tètè mọ́. Ohun tó ń gbà wá là lọ́dọ̀ tiwa ni àtúnsọ: tí dókítà bá sọ iye oògùn fún mi lórí fóònù, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá kà á padà fún un, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín?

Kúnlé: Òun gan-an ni iṣẹ́ náà. Mo sọ ọ́, páílọ́ọ̀tì tún un sọ, mo sì gbọ́dọ̀ fetí sí àtúnsọ rẹ̀. Ibi tó kẹ́yìn yẹn ni àárẹ̀ ti ń mú wa, nítorí etí máa ń gbọ́ ohun tó ń retí. Àti pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ní Tenerife, erékùṣù Spain kan, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1977, kùrukùru bo pápákọ̀. Bàálù KLM wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ráńwéè, Pan Am ṣì ń rìn lórí ráńwéè kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè fojú rí ẹnìkejì. KLM sọ gbólóhùn kan tó lè túmọ̀ sí "a ti wà níbi tá a ti máa gbéra," tó sì tún lè túmọ̀ sí "a ti ń gbéra." Ilé ìṣọ́ dáhùn pé "OK," ó sì fi kún un pé kó dúró kí òun pè é. Ìgbà yẹn gan-an ni Pan Am náà pariwo pé òun ṣì wà lórí ráńwéè. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rédíò wa, ariwo lásán ni ẹni kẹta ń gbọ́. "OK" nìkan ló dé etí KLM ketekete. Kò dúró, ó sáré lọ kọlu Pan Am.

Àǹtí Mojí: Èèyàn mélòó?

Kúnlé: 583. Látìgbà náà, èmi ò gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, *takeoff*, àfi tí mo bá ń fún bàálù láyè láti gbéra gan-an, tàbí tí mo bá ń gba àyè náà padà. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mò ń lò fún gbogbo ìyókù.

Àǹtí Mojí: Ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i lónìí ṣá. Ṣé kò lè jókòó sórí àga tó ṣófo yẹn?

Kúnlé: Ó ń ràn wá lọ́wọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ wo Haneda, ní Tokyo, ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2024. Adarí sọ fún bàálù kékeré àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun pé òun ni "number one", ìyẹn ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà, kó lọ dúró létí ráńwéè. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ti ní kó wọlé, ó sì wọ orí ráńwéè. Ẹ̀rọ rí i. Ó fi àwọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà pé bàálù wà níbi tí kò yẹ, adarí ò sì rí ìkìlọ̀ náà. Bàálù Japan Airlines tó ń balẹ̀ gbá a. Márùn-ún nínú mẹ́fà tó wà nínú bàálù kékeré kú. Gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú bàálù ńlá ló jáde láàyè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Japan fi òṣìṣẹ́ kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ojú ẹ̀rọ yẹn lọ.

Àǹtí Mojí: Ẹ̀rọ kígbe, ó sì tún kù kí ẹnìkan gbọ́ igbe náà.

Kúnlé: Ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì fi ṣe igbákejì gbọ́dọ̀ ní làákàyè tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2023, kọ̀ǹpútà tó ń ka ètò ìrìnàjò bàálù ní UK pàdé orúkọ àmì ojú ọ̀nà òfurufú kan náà, DVL, lẹ́ẹ̀mejì nínú ètò kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà, ìkejì wà ní France. Kò mọ èyí tí yóò mú, ló bá pa ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gba ètò kan náà, ó ronú bákan náà, òun náà pa ara rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é fún wákàtí mélòó kan, ìrìnàjò èrò tó lé ní 700,000 sì dàrú.

Àǹtí Mojí: Àwọn èrò kan á sọ pé gbogbo ìṣọ́ra yìí ló ń fa ìdádúró o.

Kúnlé: Mo gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Heathrow ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Bàálù ńlá máa ń fi afẹ́fẹ́ tó ń yí bìrí sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, nítorí náà a ń fi máìlì mélòó kan sáàárín òun àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Tí afẹ́fẹ́ líle bá ń fẹ́ wá láti iwájú, bàálù á máa rìn díẹ̀díẹ̀, máìlì kan náà á wá gba àkókò tó gùn, ìwọ̀nba bàálù ni yóò sì balẹ̀. Láti 2015, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ń fi dá àlàfo náà sílẹ̀ níbẹ̀ dípò máìlì, torí afẹ́fẹ́ líle yẹn náà ló ń tètè tú èyí tó ń yí bìrí ká. Bàálù tó ń balẹ̀ pọ̀ sí i nígbà afẹ́fẹ́, ewu ò sì pọ̀ sí i.

Àǹtí Mojí: Àkókò wa ti fẹ́ tán. Ṣé ìwọ náà ti ṣe àṣìṣe rí, Kúnlé?

Kúnlé: Mo ti ṣe é. Mo fún bàálù kan ní gíga tí kò yẹ, ó tún un sọ fún mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin tó jókòó tì mí ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́.

Àǹtí Mojí: Òru lo tún ń lọ lónìí. Ẹ̀yin mélòó lẹ máa wà níbẹ̀?

Kúnlé: Àwa mẹ́ta. Mo ti pè wọ́n láàárọ̀ láti béèrè.