CAD ọ̀fẹ́: èwo ni kò ní dójú tì yín bí ìwọ̀n bá yí padà?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Wọ́n ní kí n wá sọ èyí tó dáa jù nínú àwọn ètò CAD (ètò kọ̀ǹpútà ìyàwòrán) ọ̀fẹ́ tí a fi ń ya ẹ̀yà ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ló ń yàwòrán. Ìyẹn kọ́ ni mo máa ń wò. Ọjọ́ tí oníbàárà bá padà dé, tó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi jẹ́ kó nípọn sí i díẹ̀," ọjọ́ yẹn lẹ ó mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú irin pẹlẹbẹ kan: gígùn rẹ̀ jẹ́ milimítà 60, fífẹ̀ rẹ̀ 40, nínípọn rẹ̀ 5, ihò bóòtù milimítà 6 sì wà láàárín rẹ̀. Nínú OpenSCAD, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ò ní fọwọ́ ya ìlà kankan. Kíkọ lẹ ó kọ ọ́ (t ni nínípọn, cube ni irin, cylinder ni ihò, translate ló gbé ihò sí àárín, difference ló sì gé e kúrò lára irin):

t = 5;
difference() {
  cube([60, 40, t]);
  translate([30, 20, -1]) cylinder(d = 6, h = t + 2);
}

Ẹ sọ 5 di 7, ẹ tẹ bọ́tìnì F5 kó tún un yà: irin á nípọn, ihò náà á sì jìn tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Òbíríkítí OpenSCAD kì í ṣe òbíríkítí gidi, onígun púpọ̀ ni. Bí ẹ ò bá sọ iye igun tí ẹ fẹ́, ẹ̀gbẹ́ 10 péré ni ihò yìí máa ní, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì kò sì ní ju nǹkan bíi 5.7 lọ. Bóòtù yín kò ní wọlé. Ẹ kọ $fn = 64; sókè pátápátá, kí ẹ sì tún fún bóòtù láyè díẹ̀.

STL, fáìlì tó fi onígun mẹ́ta kéékèèké to ara irin pọ̀, sì ló máa ń gbé jáde. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D á gbà á tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin á bi yín pé STEP dà, ìyẹn fáìlì tó ń gbé òbíríkítí gidi?

FreeCAD ní STEP. Jürgen Riegel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde ní 2002. Àrùn tó bá a fínra fún ọdún gbọọrọ ni pé nọ́ńbà ló fi ń dá ojú irin mọ̀: Face6, Face7. Ẹ ya ihò sórí Face6, ẹ padà sẹ́yìn lọ gé igun kan kúrò, nọ́ńbà yí, ihò fò lọ síbòmíì. Ẹ̀dà 1.0, tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024, ti wo púpọ̀ nínú àrùn yìí sàn. Síbẹ̀, n ò tíì fọkàn tán an tán: orí XY Plane (ojú pẹlẹbẹ tí ètò náà fúnra rẹ̀ ní, tí kì í yí) ni mo ṣì ń gbé sketch mi (àwòrán ìlà tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀) lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun, FreeCAD ni mo máa ní kó kọ́.

SolveSpace kéré gan-an, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ á gbé e. Àmọ́ kò ní irinṣẹ́ tí ẹ ó fi sọ etí irin di róbótó, ó sì ń dùn mí. Onshape ní tiẹ̀, inú íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi ọ̀fẹ́ rẹ̀ ṣe, gbangba ló wà fún ẹnikẹ́ni láti wò, wọn ò sì fàyè gba iṣẹ́ owó níbẹ̀. Ẹ má gbé iṣẹ́ oníbàárà lọ síbẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé òun ti kọ tòun ní OpenSCAD tán, STEP sì ni wọ́n ń béèrè. FreeCAD ní workbench (àkójọ irinṣẹ́) kan tó ń jẹ́ OpenSCAD. Bí OpenSCAD bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, á ṣí kódù náà, ẹ ó sì gbé e jáde ní STEP. Bí ẹ bá lo àṣẹ hull tàbí minkowski nínú kódù náà, mesh (onígun mẹ́ta kéékèèké bíi ti STL) ló máa wọlé. Ẹ yáa tún un yà.